Ìṣètò ìwọ̀n oògùn fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àjẹsára lára ajá

Àìtó ẹ̀jẹ̀ àjẹsára lára ajá, tí àwọn dókítà ẹranko mọ̀ sí IMHA, jẹ́ àìsàn nínú èyí tí ètò àjẹsára ara ajá ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti ara rẹ̀ run. Iṣẹ́ ètò àjẹsára ni láti dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn. Nínú àìsàn yìí, ó dà bí ọlọ́dẹ tí ó yí ìbọn rẹ̀ padà sí àwọn ará ilé tí wọ́n gbà á láti máa ṣọ́. Ìtọ́jú àìsàn náà dá lórí àwọn oògùn tí ń dín agbára ètò àjẹsára kù, pàápàá jù lọ èyí tí a mọ̀ sí prednisolone.

Àwọn oògùn wọ̀nyí ni ó ń gba ẹ̀mí ajá là, ṣùgbọ́n wọ́n ní ewu tiwọn. Bí wọ́n bá kéré jù, àìsàn yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù tàbí tí wọ́n pẹ́ jù lára, wọn a máa ba ara ajá jẹ́. Bí a bá sì dá wọn dúró lójijì, ajá lè kú. Nítorí ìdí èyí, ìṣètò ìwọ̀n oògùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí a ó lo hóró tí ó kẹ́yìn jẹ́ apá tí ó gba sùúrù jù lọ nínú ìtọ́jú náà. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ ìgbà tí a lè dín oògùn kù, kì í ṣe bí ajá ṣe rí lójú.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Lára ajá tí ara rẹ̀ dá, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a máa lò tó nǹkan bí 110 sí 120 ọjọ́ kí ó tó gbó, mùdùnmúdùn inú eegun a sì máa pèsè òmíràn láti rọ́pò rẹ̀. Nínú IMHA, àwọn èròjà tí à ń pè ní àńtíbọ́dì, èyí tí ara máa ń ṣe láti fi dá kòkòrò àrùn mọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì pupa. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tí a ti sàmì sí báyìí bá ń kọjá nínú ọlọ inú tàbí nínú ẹ̀dọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ohun àjèjì mì yóò gbé e mì lódindi, tàbí kí wọ́n bù lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bù lára rẹ̀ tí ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn a máa kéré sí i, a sì máa di roboto bí ọta. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a máa bẹ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an. Irú èyí ni ó burú jù, ìtọ̀ ajá a sì máa pọ́n tàbí kí ó dúdú bí omi tíì tí ó ti pẹ́ lórí iná.

Bí ìparun bá ti yára ju ìpèsè lọ, ẹ̀jẹ̀ ajá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mùdùnmúdùn eegun nílò nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ó ń ṣe tó hàn dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ajá tí ń sáré kiri níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ lè má lè dìde mọ́ ní ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá tí àìsàn yìí ń pa ni ó ń kú láàrin ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́.

Àwọn ohun tí ń fà á

Oríṣi méjì ni àìsàn náà. Oríṣi kìíní ni èyí tí a kò rí ohunkóhun tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Ó máa ń wọ́pọ̀ lára àwọn irú ajá kan ju àwọn mìíràn lọ. Lára wọn ni Cocker Spaniel, English Springer Spaniel, Miniature Schnauzer, Poodle àti Old English Sheepdog. Èyí fi hàn pé ohun tí ajá jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ipa nínú rẹ̀. Àwọn ajá tí wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì di arúgbó ni ó sábà máa ń mú.

Oríṣi kejì ni èyí tí ohun mìíràn ṣokùnfà rẹ̀: àkóràn, àrùn jẹjẹrẹ, tàbí oògùn kan tí ara ajá kò gbà, bí àpẹẹrẹ àwọn oògùn agbógunti bakitéríà tí ó wà nínú ìdílé sulfonamide. Nínú àwọn àkóràn, kòkòrò Babesia tí eégbọn máa ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá ni ó gba àfiyèsí jù. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, níbi tí eégbọn ti wọ́pọ̀ lára ajá tí àwọn onímọ̀ sì ti rí Babesia àti Ehrlichia nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá, dókítà ẹranko kì í yára pe àìtó ẹ̀jẹ̀ ní oríṣi kìíní láìjẹ́ pé ó ti wá àwọn kòkòrò wọ̀nyí títí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí a bá ń fún ajá tí Babesia wà lára rẹ̀ ní oògùn tí ń dín agbára àjẹsára kù láìpa kòkòrò náà, ọ̀tá ni a ń ṣí ilẹ̀kùn fún. Bí ó bá jẹ́ oríṣi kejì ni, ohun tí ó fà á ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wí, oògùn àjẹsára sì lè má pọ̀, ó sì lè má pẹ́.

Àmì àti àyẹ̀wò

Àwọn àmì tí olówó ajá lè fi ojú ara rẹ̀ rí ni kí àárẹ̀ mú ajá, kí ó má fẹ́ jẹun, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ láìsáré, kí erìgì rẹ̀ funfun dípò kí ó pọ́n, kí funfun ojú àti awọ ara rẹ̀ di àwọ̀ òféèfèé bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, àti kí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú.

Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti kù sí ni PCV, èyí tí ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ni ó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Lára ajá tí ara rẹ̀ dá, PCV máa ń wà láàrin 37% sí 55%. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí nílò, ó rọrùn, kì í sì í pẹ́. Omi ẹ̀jẹ̀ tí ó lé sókè nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ṣe é náà ń sọ̀rọ̀: bí ó bá mọ́, ó dára, bí ó bá pọ́n tàbí tí ó jẹ́ àwọ̀ òféèfèé tí ó jinlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ṣì ń bẹ́.

Àwọn àyẹ̀wò mẹ́ta ni a fi ń mọ̀ pé ètò àjẹsára ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Èkínní ni wíwo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikópù láti wá àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké roboto tí a ti mẹ́nu bà. Èkejì ni pípo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ 1 pọ̀ mọ́ ẹ̀kán omi iyọ̀ ilé-ìwòsàn 4, láti wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò ṣì so mọ́ra wọn bí èso àjàrà. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò Coombs, tí ń wá àńtíbọ́dì lára sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀.

Àwọn oògùn tí a ń lò

Prednisolone ni òpó ìtọ́jú náà. Ó wà nínú ìdílé oògùn tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Ó máa ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé sẹ́ẹ̀lì pupa mì lẹ́kun láàrin ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ṣíṣe àńtíbọ́dì náà yóò sì dín kù. Òun ni ó ń yára ṣiṣẹ́ jù, òun náà sì ni àbùkù rẹ̀ pọ̀ jù.

Azathioprine, ciclosporin àti mycophenolate mofetil jẹ́ oògùn àfikún. Ọ̀kan nínú wọn ni dókítà sábà máa ń fi kún prednisolone nígbà tí àìsàn bá le, nígbà tí prednisolone nìkan kò bá ká a, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ lè tètè dín prednisolone kù nítorí àbùkù rẹ̀. Azathioprine kì í yára ṣiṣẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sì yẹ kí a fún ológbò ní azathioprine, nítorí pé ara ológbò kò lè gbà á.

Clopidogrel kì í ṣe oògùn àjẹsára, ṣùgbọ́n ó ní ipò pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ ajá tí ó ní IMHA máa ń fẹ́ dì nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó bá sì lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ajá wọ̀nyí jù. Clopidogrel, tàbí oògùn mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ bíi heparin, ni a fi ń dènà èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ débi pé ajá kò lè dúró de iṣẹ́ oògùn, a máa ń fún un ní ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ gbígbà kì í wo àìsàn náà sàn. Ó kàn ń ra àkókò fún oògùn ni.

Ìṣírò ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn inú ẹranko ti Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí ACVIM gbé ìlànà kan jáde lórí ìtọ́jú IMHA lára ajá. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà ti wí, prednisolone máa ń bẹ̀rẹ̀ ní mílígíráàmù (mg) 2 sí 3 fún kílógíráàmù (kg) kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ajá lójúmọ́. Nítorí náà ajá tí ó wọn kg 10, bí a bá lo mg 2 fún kg kọ̀ọ̀kan, yóò gba mg 20 lójúmọ́, èyí tí í ṣe hóró 4 nínú hóró onímg 5.

Ìṣírò yìí kò bá ajá ńlá mu. Bí ajá bá ti wọn ju kg 25 lọ, bí ara rẹ̀ ti fẹ̀ tó ni a fi ń ṣírò, kì í ṣe bí ó ti wúwo tó: mg 50 sí 60 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan awọ ara rẹ̀ lójúmọ́. Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ajá tí ó wọn kg 40 yóò gba mg 80 bí a bá lo mg 2 fún kg kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n awọ ara irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 1.18 lọ, bí a bá fi mg 50 ṣírò rẹ̀, mg 59 péré ni yóò jẹ́. Mg 21 tí ó wà láàrin méjèèjì, tí ajá bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó láti sọ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Lára ajá onikg 10, ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: mg 20 ní ọ̀nà kan, mg 23 ní ọ̀nà kejì.

Ìwọ̀n ńlá ti ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò wà fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ mg 3 fún kg kọ̀ọ̀kan ni a fi bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mú un wá sí mg 2 tàbí kí ó kéré sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2.

Azathioprine máa ń jẹ́ mg 2 fún kg kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mycophenolate máa ń jẹ́ mg 8 sí 12 fún kg kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 12 síra wọn. Ciclosporin máa ń jẹ́ nǹkan bí mg 5 fún kg kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 12 síra wọn. Dókítà tí ó yẹ ajá wò nìkan ni ó lè yan èyí tí ó yẹ nínú wọn.

Dídín ìwọ̀n oògùn kù

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti máa ń ṣàṣìṣe. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ajá tí ara rẹ̀ ń yá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa, yóò máa ju ìrù, yóò sì máa gbó àlejò bí ti tẹ́lẹ̀. Yóò wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ara ajá a máa mọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ lára. Ajá tí PCV rẹ̀ kò ju 25% lọ lè máa ṣeré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bákan náà, prednisolone fúnra rẹ̀ a máa mú kí oúnjẹ wù ú jẹ. Nítorí náà oúnjẹ jíjẹ kò fi hàn pé àìsàn ti lọ.

Ohun mẹ́ta ni a ń wò kí a tó dín oògùn kù fún ìgbà àkọ́kọ́: pé PCV ti kọjá 30%, pé ó ti dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, àti pé àwọn àmì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, bíi sẹ́ẹ̀lì roboto àti ìsomọ́ra sẹ́ẹ̀lì, ń dín kù. Bí gbogbo wọn bá pé, a ó yọ ìdá 1 nínú 4 prednisolone kúrò. Lẹ́yìn èyí, a ó máa yọ ìdá 1 nínú 4 èyí tí ó ṣẹ́kù ní ọ̀sẹ̀ 3 síra wọn, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí èsì kan kò bá dára, a kì í dín in kù ní ọjọ́ náà, bí ó ti wù kí ajá máa ṣeré tó.

Àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí fi hàn bí èyí ṣe lè rí fún ajá tí ó wọn kg 10, tí a ń fún ní hóró onímg 5. A fi ìdajì hóró ṣe òdiwọ̀n nítorí pé kò rọrùn láti gé hóró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀: mg 20 lójúmọ́ (hóró 4), títí PCV yóò fi kọjá 30% tí yóò sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 2.
Ìgbésẹ̀ 1: mg 15 lójúmọ́ (hóró 3), ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 2: mg 12.5 lójúmọ́ (hóró 2 àti ààbọ̀), ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 3: mg 10 lójúmọ́ (hóró 2), ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 4: mg 7.5 lójúmọ́ (hóró 1 àti ààbọ̀), ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 5: mg 5 lójúmọ́ (hóró 1), ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 6: hóró 1 lónìí, ìdajì hóró lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni títí fún ọ̀sẹ̀ 3.
Ìgbésẹ̀ 7: mg 2.5 lójúmọ́ (ìdajì hóró), ọ̀sẹ̀ 3, lẹ́yìn náà ni a ó dá a dúró.

Bí a bá ro ìgbésẹ̀ 7 náà pọ̀, ọ̀sẹ̀ 21 ni, láìka ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Èyí bá ohun tí àwọn dókítà ń rí mu, pé ìlò prednisolone fún IMHA sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6. Àpẹẹrẹ ni èyí. Dókítà lè mú kí ó yára tàbí kí ó falẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá ti rí. Bí ajá bá ń lo oògùn àfikún, prednisolone ni a kọ́kọ́ máa ń dín kù títí yóò fi tán, nítorí pé òun ni àbùkù rẹ̀ pọ̀ jù. A ó fi oògùn àfikún sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 sí i, kí a tó yọ òun náà.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dá prednisolone dúró lójijì

Ìdí méjì ni ó wà. Èkínní ni pé àìsàn náà lè padà kíákíá, kí ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èkejì kò kan àìsàn náà rárá. Ara ajá fúnra rẹ̀ a máa ṣe èròjà kan tí ó jọ prednisolone, tí à ń pè ní cortisol, láti inú ẹṣẹ́ kéékèèké méjì tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín. Cortisol ni ó ń mú kí ara lè fara da wàhálà, àìsàn àti ebi. Nígbà tí prednisolone bá ń wọlé láti ìta lójoojúmọ́, ọpọlọ yóò rí i pé èròjà náà ti pọ̀ tó, kò sì ní pàṣẹ fún ẹṣẹ́ náà láti ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ yóò sún kì.

Bí a bá dá oògùn dúró lọ́jọ́ kan, kò sí cortisol láti inú, kò sì sí prednisolone láti ìta. Ajá lè máa bì, kí ó máa ṣu omi, kí ó máa gbọ̀n, kí ó dákú, kí ó sì kú, nígbà tí PCV rẹ̀ ṣì dára. Dídín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fún ẹṣẹ́ náà láyè láti jí padà sẹ́nu iṣẹ́. Fún ìdí kan náà, kò yẹ kí oògùn tán nílé kí a tó wá òmíràn rà, bí ajá bá sì ń bì débi pé oògùn kò dúró nínú rẹ̀, ọ̀ràn dókítà ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí àìsàn bá padà

Àìsàn lè padà nígbà tí a ṣì ń dín oògùn kù, ó sì lè padà lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí oògùn ti tán. Bí PCV bá lọ sílẹ̀, dókítà yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá IMHA náà ni, nítorí pé ọgbẹ́ inú tí ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí àkóràn tuntun lè fa irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ni, a sábà máa ń padà sí ìwọ̀n tí ó ga ju èyí tí ajá wà lórí rẹ̀ lọ, tàbí kí a fi oògùn àfikún kún un. Nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, a ó ṣe é pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ajá kan wà tí wọ́n ní láti máa lo ìwọ̀n kékeré fún ọjọ́ pípẹ́.

Àbùkù àwọn oògùn

Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ajá tí ń lo prednisolone ní ìwọ̀n ńlá ni yóò máa mu omi púpọ̀, tí yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ebi yóò sì máa pa nígbà gbogbo. Èyí kì í ṣe ìwà burúkú. Ajá tí kì í tọ̀ sínú ilé tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ìyà. A kò sì gbọdọ̀ fi omi dù ú. Bí ọjọ́ bá ti ń pẹ́, iṣan ara rẹ̀ a máa joro, ikùn rẹ̀ a máa yọ síwájú, irun rẹ̀ a sì máa fẹ́lẹ́. Àwọn èyí tí ó léwu jù ni ọgbẹ́ inú, àtọ̀gbẹ àti àkóràn tí ara kò lè bá jà. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú ikùn.

Azathioprine lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì lè dá mùdùnmúdùn eegun dúró láti máa pèsè ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ jẹ́ dandan fún ajá tí ń lò ó. Mycophenolate sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ciclosporin lè fa èébì, ó sì lè mú kí erìgì hù kọjá bí ó ti yẹ.

Ìlò oògùn nínú ilé

Ìwé kékeré kan tí a ń kọ ọjọ́, ìwọ̀n oògùn, PCV àti ìwọ̀n ara ajá sí jẹ́ irinṣẹ́ pàtàkì, pàápàá níbi tí ó ju ẹnì kan lọ tí ń fún ajá ní oògùn. Láìsí i, ẹni méjì lè fún un ní oògùn òwúrọ̀ kan náà, tàbí kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé ẹnì kejì ti fún un.

Prednisolone dára jù pẹ̀lú oúnjẹ. Ciclosporin ní tirẹ̀ sábà máa ń wọ ara dáadáa bí ikùn bá ṣófo. Bí a bá gbàgbé oògùn lákòókò rẹ̀, a lè fún ajá nígbà tí a bá rántí, ṣùgbọ́n bí àkókò èyí tí ó kàn bá ti sún mọ́, a ó fo èyí tí a gbàgbé. A kì í fún ajá ní ìlọ́po méjì láti fi dí i.

A kì í gé hóró azathioprine tàbí mycophenolate, a kì í sì í lọ̀ ọ́, nítorí pé eruku wọn léwu fún ènìyàn. Ó yẹ kí a wọ ìbọ̀wọ́ kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n, aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Fún ajá kékeré tí odindi hóró pọ̀ jù fún, apòògùn ni ó yẹ kí ó po ìwọ̀n tí ó bá a mu.

Oògùn ìrora bíi ibuprofen, diclofenac, meloxicam àti carprofen kò gbọdọ̀ bá prednisolone pàdé nínú ajá, nítorí pé wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú rẹ̀ kíákíá. Ìṣòro mìíràn tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni fífi dexamethasone rọ́pò prednisolone nígbà tí a kò bá rí prednisolone rà ní kẹ́mísì. Méjèèjì jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba: dexamethasone mg 0.75 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó prednisolone mg 5. Ẹni tí ó bá fi mg rọ́pò mg ti fún ajá ní oògùn tí ó ju ìlọ́po 6 lọ. Bákan náà, kí ajá tí ó ní IMHA tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, dókítà gbọ́dọ̀ mọ oògùn tí ó ń lò.

Ìtàn àwọn oògùn náà

Àyẹ̀wò Coombs ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí Robin Coombs, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko, gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Arthur Mourant àti Robert Race. Ìwádìí lórí cortisone, tí ó ṣí ọ̀nà fún prednisolone, ni ó mú kí Philip Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1950. Azathioprine jáde láti ọwọ́ Gertrude Elion àti George Hitchings ní Amẹ́ríkà, àwọn náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Ajá ni Roy Calne, oníṣẹ́ abẹ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi dán azathioprine wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ń wá ọ̀nà tí ara yóò fi gba kíndìnrín ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí ara ajá fi hàn pé ó lè ṣiṣẹ́ fún ènìyàn ṣe padà di oògùn ajá.

Ìrètí fún ajá tí ó ní àìsàn náà

IMHA ṣì jẹ́ àìsàn tí ń pa ajá púpọ̀, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tí ó bá la ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ já, tí a ṣètò oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, lè padà sí ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a sì máa bọ́ lọ́wọ́ oògùn pátápátá. Lẹ́yìn tí hóró tí ó kẹ́yìn bá ti tán, a ṣì ní láti máa yẹ PCV wò láti ìgbà dé ìgbà, kí olówó ajá sì máa ṣí ètè rẹ̀ wò: erìgì tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú jẹ́ àmì rere, èyí tí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun ń pe dókítà.